Fíláàṣì Orí Kámẹ́rà: Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò nílẹ̀ wa, kámẹ́rà kan àti léǹsì kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Owó fíláàṣì ńlá kò tíì sí lọ́wọ́. Èyí tó bá kámẹ́rà wá, tó máa ń ta sókè lórí rẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnnì, òun náà ni wọ́n ń gbé lọ sí ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ọjọ́ ìbí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn, mo ya ìyá ọmọ nínú yàrá, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kó fọ́tò lọ fún un, iwájú orí rẹ̀ ń kọ mànà, òjìji dúdú kan sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn gèlè rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn dúró tì í. Ó wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé bí ojú mi ṣe rí nìyí?" Ojú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí mo tàn sí i ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí o wà níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí yóò tún iná náà ṣe kò wọ́n rárá: páálí, bébà, sẹ́lótéèpù, àti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

ṢE: Sọ ojú iná di ńlá. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé. Ojú fíláàṣì orí kámẹ́rà kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, gíga rẹ̀ kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ojú kékeré jáde, líle ni í le. Etí òjìji rẹ̀ á mú bí abẹ, ibi tó bá sì ti kan òógùn tàbí òróró lára awọ á funfun báláú. Wo oòrùn ọ̀sán gangan. Ó tóbi ju ayé wa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé bí owó kọ́bọ̀ ni a ń rí i lójú ọ̀run, ìdí nìyẹn tí òjìji wa fi ń mú ṣáṣá lórí ilẹ̀. Jẹ́ kí àwọsánmà bò ó: gbogbo ojú ọ̀run á di fìtílà, ìmọ́lẹ̀ á máa ti ibi gbogbo wá, òjìji á sì rọ̀ títí a ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Iṣẹ́ àwọsánmà ni ìbòjú tí o fẹ́ ṣe fún fíláàṣì yóò máa ṣe.

MÁ ṢE so tíṣù tàbí áńkáṣíìfù mọ́ ojú fíláàṣì gbágbá kí o wá rò pé o ti parí iṣẹ́. Kò sí àṣìṣe tí mo rí tó wọ́pọ̀ tó èyí. Bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ ojú fíláàṣì, ibi tí iná ti ń jáde kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iná á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjìji kò ní rọ̀. Tíṣù kọ́ ló ṣẹ̀, ibi tí o gbé e sí ni. Gbé e síwájú. Bí bébà bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí fíláàṣì, ìmọ́lẹ̀ á ti tàn dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 ní fífẹ̀ kó tó kàn án, bébà yẹn ni yóò sì wá di fìtílà tuntun. Yàtọ̀ sí èyí, ojú fíláàṣì máa ń gbóná bí a bá tàn án lemọ́lemọ́, ọ̀rá tàbí ike tó lẹ̀ mọ́ ọn lè yọ́ sórí rẹ̀.

ṢE: Gé ìbòjú páálí. Èyí tí mo máa ń lò nìyí, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyí. Wá páálí bísíkíìtì tí kò tíì wó. Gé e sí ìwọ̀n bébà A4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 21 sí nǹkan bí 30, kí o sì gbé e dúró ní òòró. Ní apá ìsàlẹ̀, dé ẹnu léǹsì lé e, fi bírò yí i po, kí o fi abẹ fẹ́lẹ́ gé ihò róbótó náà. Má gé e gbàgàdà. Ó yẹ kí léǹsì wọ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí, kó má sì há. Lókè ihò yìí, fi àyè ìka méjì sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí o la fèrèsé tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó sì ga tó 12. Fi bébà ìtẹ̀wé funfun kan ṣoṣo bo fèrèsé náà, kí o fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó tán. Ti léǹsì bọ inú ihò, páálí á dúró lọ́rùn rẹ̀ bí kọ́là ẹ̀wù. Bí fíláàṣì bá gbéra sókè, bébà ni yóò kọjú sí. Apá páálí tí o fi sílẹ̀ láàárín ihò àti fèrèsé ni kò ní jẹ́ kí iná já wọ ẹnu léǹsì. Bí o bá gbàgbé àyè ìka méjì yẹn, gbogbo fọ́tò ni yóò rí bàìbàì bí ìgbà tí èéfín bo léǹsì.

Bí o bá mọ téélọ̀ kan, tọrọ èérún sítéè funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi sínú kọ́là. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bébà lọ, torí kì í ya, bí òjò bá sì ta sí i, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

MÁ ṢE jẹ́ kí páálí náà di apá léǹsì tó ń yí mú. Lára ọ̀pọ̀ léǹsì 18–55 àtijọ́, ẹnu léǹsì fúnra rẹ̀ ló máa ń yí bó bá ń wá ojú ohun tí a fẹ́ yà. Mọ́tò kékeré kan ló ń yí i. Bí páálí bá há a, mọ́tò á máa jà, àtúnṣe rẹ̀ á sì gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bí tìrẹ bá jẹ́ irú èyí, gé ihò náà kó fẹ̀ díẹ̀, kí o fi ọwọ́ òsì gbé páálí dúró.

MÁ ṢE lo ohun aláwọ̀. Kẹ́ẹ̀gì òróró yẹ́lò, ọ̀rá búlúù, ìdérí ike píńkì: gbogbo wọn ni yóò kun ojú èèyàn ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Funfun ni kí o wá. Funfun pàápàá tún yàtọ̀ síra, torí náà gbé ohun tí o rí sí ojú fèrèsé, kí o na ìka rẹ sẹ́yìn rẹ̀ ní jíjìnnà díẹ̀. Bí o bá rí ìka náà kedere, ohun náà mọ́ gaara jù, kò ní tan iná ká. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ó ti nípọn jù. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ là kọjá, tí o kò sì rí ìka lẹ́yìn rẹ̀, òun ni kí o mú.

ṢE: Súnmọ́ ẹni tí o ń yà. Ìbòjú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, bí o bá dúró ní mítà 1, ó tóbi lójú ẹni náà. Bí o bá lọ dúró ní mítà 4, ó ti tún di fìtílà kékeré, òjìji líle á sì padà wá. Ìdí rèé tí ìbòjú ilé kò fi lè gba fọ́tò gbogbo ẹbí tó tò síwájú ilé là. Ojú ẹnìkan, tọkọtaya, ìyá àti ọmọ: ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Fún àwọn tó tò lọ rẹrẹ, wá ibòji igi tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kò dé, kí o sì pa fíláàṣì.

MÁ ṢE retí pé iná yóò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Agbára fíláàṣì orí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò ju 12 lọ ní mítà lórí ISO 100. Pín 12 fún nọ́ńbà ẹnu léǹsì: ní f/4, mítà 3 ni iná yóò dé. Bí bébà bá jẹ ìdajì iná náà, mítà 3 á di 2 àti díẹ̀. Gbé ISO sí 400, ó padà di mítà 4. Nítorí náà, ISO 400 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń lọ sí 800 láìbẹ̀rù bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí o bá fi bébà méjì lé ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ni yóò kù, torí náà ẹyọ kan tó. Ohun kan wà tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́: kí iná gan-an tó tàn, kámẹ́rà máa ń kọ́kọ́ tan iná kékeré kan, ó sì ń fi ti inú léǹsì wo bó ṣe padà wá. Ó ti ka bébà rẹ mọ́ ìṣirò nìyẹn. Ìgbà tí fíláàṣì bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán ni fọ́tò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn.

Agbára tó ń lò yìí náà ni yóò tètè jẹ bátìrì. Mú bátìrì kejì dání, kí o sì jẹ́ kí àmì fíláàṣì padà tàn kí o tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

ṢE: Fi iná kún un bí aṣọ bá funfun. Kámẹ́rà kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Bí gbogbo ojú àwòrán bá jẹ́ léèsì funfun, ó máa rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín fíláàṣì kù. Léèsì á wá rí bí eérú, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ẹwà rẹ̀ á sì rì. Wá àmì mànàmáná tó ní + àti − lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kámẹ́rà rẹ, kí o gbé e sí +1, kí o sì wo ohun tó bá jáde. Bí agbádá bá dúdú tàbí búlúù tó ṣú, òdì èyí ló máa ń ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà á tan iná jù, ojú á sì ṣí. Gbé e sí −1.

MÁ ṢE tan iná rẹpẹtẹ sí ojú dúdú kó lè pọ́n. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ayàwòrán kan pé ohun tí oníbàárà fẹ́ nìyẹn. Mi ò gbà. Awọ dúdú ní àwọ̀ púpọ̀ nínú: pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ búráùn wà níbẹ̀, dídán tirẹ̀ náà wà. Iná líle á pa gbogbo wọn, á fi àmì funfun kan sí iwájú orí, òmíràn sí orí imú. Ìbòjú tó fẹ̀ máa ń na àmì funfun yẹn kó fẹ̀, kó sì rọ̀, tí yóò fi dà bí ìgbà tí ẹni náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀. Mú áńkáṣíìfù mímọ́ dání fún òógùn. Sọ fún ẹni tí o fẹ́ yà kí ó nu iwájú orí àti imú. Ìyẹn nìkan lè ṣe ju ìbòjú méjì lọ.

ṢE: Darí iná sí ògiri tàbí àjà bí o bá rí wọn ní funfun. Káàdì funfun líle kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó. Gbé e síwájú fíláàṣì, kí o dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45, kí iná má lọ síwájú mọ́, kó lọ bá àjà tàbí ògiri. Àjà ni yóò wá di fìtílà, àjà sì fẹ̀ ju bébà èyíkéyìí lọ. Yóò jẹ iná púpọ̀. Gbé ISO sí 1600, kí o má sì jìnnà.

Mo fẹ́ sọ ibi tí mo ti mọ iyì rẹ̀. Màmá àgbà kan ni, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọ́tò fún ọgọ́rin ọdún rẹ̀. Àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó tò létòlétò. Mo kọ́kọ́ tan fíláàṣì sí i lójú tààrà. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ilà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí, torí pé ihò kékeré lára awọ ni ilà, òjìji tó wà nínú ihò yẹn la sì fi ń rí i. Iná tó ti iwájú gan-an wá á kún inú ihò náà, òjìji ò ní sí, ilà ò sì ní hàn. Ògiri funfun wà lápá òsì Màmá. Mo mú ìdérí páálí funfun tí wọ́n fi di aago, mo dà á síhà ibẹ̀, iná lọ bá ògiri, ó ti ibẹ̀ padà wá sí ojú rẹ̀. Gbogbo ilà hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìhunjọ abẹ́ ojú rẹ̀ náà hàn, ṣùgbọ́n wọn ò le. Mo gbé kámẹ́rà fún Màmá. Ó fi ìka tọ ilà náà lọ lójú kámẹ́rà, ó wá fi ìka kan náà tọ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ilà ilé bàbá mi rèé."

MÁ ṢE darí iná sí ògiri aláwọ̀ ewé, àjà onípákó tàbí aṣọ kánópì aláràbarà. Àwọ̀ wọn ni yóò gbé padà wá. Mo ti rí fọ́tò ìyàwó àti ọkọ lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù tí àwọn méjèèjì dà bí ẹni tí òtútù mú. Níbi tí kò bá sí ohun funfun nítòsí, padà sí ìbòjú páálí rẹ. Ní gbangba òde lálẹ́, kò sí àjà kankan lókè, iná tí o bá tàn sókè á lọ ni, kò ní padà.

MÁ ṢE jẹ́ kí fóìlì kan irin orí kámẹ́rà. Àwọn kan máa ń fi fóìlì wé káàdì kó lè da iná padà dáadáa, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú irin tí wọ́n ń gbé fíláàṣì ńlá lé, iná mànàmáná ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohun mìíràn tún ni pé bí o bá ti nǹkan bọ ojú irin yẹn, àwọn kámẹ́rà kan á rò pé fíláàṣì ńlá ti dé, èyí tó wà nínú wọn kò sì ní gbéra. Róbà tí wọ́n fi ń de owó ni kí o fi mú káàdì dúró.

MÁ ṢE tú fíláàṣì láé, kódà bó ti bàjẹ́. Ohun tó ń tọ́jú agbára nínú rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí fóòtì 300, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ bátìrì. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

ṢE: Tan iná yàrá sílẹ̀. Nínú òkùnkùn, ihò ẹyinjú máa ń ṣí gbayawu. Fíláàṣì tó wà nítòsí léǹsì á wọlé tààrà, á kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú, á sì gbé pupa rẹ̀ padà sínú kámẹ́rà. Bí iná yàrá bá wà ní títàn, ihò ẹyinjú á kéré, pupa náà á dín kù. Iná tó gba ti àjà wá kì í fa ojú pupa rárá. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, torí ó ju ọ̀rọ̀ fọ́tò lọ: bí o bá ya ọmọdé, tí ojú kan pupa, tí èkejì sì funfun bí ti ológbò lálẹ́, tí o sì rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, rọra sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kíákíá. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí iná gbà wọlé lásán. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú ọmọdé, èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ máa ń dára jù bí a bá tètè rí i.

ṢE: Yọ kọ́là ike tó máa ń wà lẹ́nu léǹsì. Fíláàṣì kékeré kò ga tó láti ré e kọjá, òjìji kọ́là náà á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò bí ìdajì òṣùpá.

MÁ ṢE jẹ́ kí ṣọ́tà yára jù. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ní irú fíláàṣì yìí kò gbọdọ̀ kọjá 1/200. Ní yàrá, 1/60 ni mo fẹ́ràn, torí pé yóò fàyè gba iná yàrá láti hàn lẹ́yìn ẹni náà, kó má dà bí ẹni tó jókòó sínú ihò.

ṢE: Fi ẹyin dán an wò nílé. Se ẹyin kan, gbé e lé tábìlì, fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Yà á pẹ̀lú fíláàṣì lásán, yà á pẹ̀lú tíṣù tó lẹ̀ mọ́ ojú fíláàṣì, kí o wá yà á pẹ̀lú ìbòjú páálí. Etí òjìji ni kí o wò. Ti àkọ́kọ́ á dà bí ohun tí a fi abẹ gé. Ti èkejì ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ti ẹ̀kẹta á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti dúdú sí funfun, ẹyin náà á sì yí róbótó lójú rẹ bí ohun tí o lè mú. Lẹ́yìn ìyẹn, súnmọ́ ọn, jìnnà sí i, kí o rí ibi tí òjìji ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ibẹ̀ ni ààlà rẹ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ.

Má ṣe dúró di ọjọ́ òde kí o tó ṣe èyí. Lálẹ́ òní, wá páálí, wá bébà, se ẹyin kan.